Àtúnṣe: Yíyí ọ̀rọ̀ padà kò sọ èrò ẹlòmíràn di tìrẹ

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní ń pín ọ̀rọ̀ kan kiri pé bí ènìyàn bá ti fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ tún ohun tó kà sọ nínú àròkọ, kò pọn dandan kó dárúkọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀, ó sì lè kó ọmọ tí kò ní ètekéte lọ́kàn sí wàhálà.

Ohun méjì ni wọ́n pò pọ̀. Àmì àyọlò (“ ”) ń sọ pé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn gẹ́lẹ́ nìyí. Ìtọ́kasí ń sọ pé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni èrò náà ti wá. Bí o bá tún ọ̀rọ̀ sọ, àmì àyọlò nìkan ló kúrò.

Ká ní òǹkọ̀wé kan kọ ọ́ pé owó kòkó tó já wálẹ̀ ló lé àwọn ọ̀dọ́ kúrò lóko, tí ìwọ wá kọ ọ́ pé àwọn ọ̀dọ́ fi oko sílẹ̀ nítorí pé kòkó kò pawó mọ́. Ọ̀rọ̀ ti yí padà lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun ló ṣe ìwádìí, òun ló sì fa ìdí rẹ̀ yọ.

Ohun tí gbogbo ayé mọ̀, bíi pé Nàìjíríà gba òmìnira lọ́dún 1960, ni kò nílò ìtọ́kasí.

Ẹ yẹ ìlànà APA àti ti MLA wò, àwọn ìlànà méjì tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga ń lò fún kíkọ ìtọ́kasí; ọ̀fẹ́ ni àlàyé APA lórí èyí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn méjèèjì ló ní kí a tọ́ka sí ẹni tó ni èrò, kódà bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ tiwa.