Ẹ jẹ́ kí wọ́n ní aago tiwọn

Ẹ ní kò pọn dandan kí ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ní server aago tirẹ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń sọ aago tó péye fáwọn ẹ̀rọ míì, pé pool, àkójọ irú server bẹ́ẹ̀ táwọn olùyọ̀ǹda ń bójú tó, ti tó. Mi ò gbà o. Páànù àti ìṣó ni mò ń tà ní Ìjẹ̀bú-Òde. Lóṣù tó kọjá, olè wọ ṣọ́ọ̀bù mi. A yẹ kámẹ́rà wò, ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2000 ló kọ sórí àwòrán! Iná ti lọ, bátìrì inú rẹ̀ ti kú, ó sì béèrè aago lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ọlọ́pàá kàn ń rẹ́rìn-ín ni.

Láti 2003 làwọn olùyọ̀ǹda ti ń gbé pool yìí ró lọ́fẹ̀ẹ́. Ní December 2016, ìbéèrè aago láti áàpù Snapchat orí iPhone nìkan ya bò wọ́n bí èrò Ojúde Ọba. Owó dátà tá à ń san fún ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ńkọ́, ṣé kò lè gbé server aago kan ró ni? Server tó wà nítòsí sì péye jù, nítorí bí àkókò àlọ ìbéèrè àti àbọ̀ èsì kò bá dọ́gba, aago á yẹ̀. Kí àwọn ilé-iṣẹ́ má pa pool tì ṣá: aago kan ṣoṣo lè purọ́, ó dáa kéèyàn bi server mẹ́rin.