Wọ́n Ti Gbé Orí Lọ sí Flushing

Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ẹ rántí ìkìlọ̀ tí àwọn ìyá wa máa ń ṣe fún wa lórí ọ̀rọ̀ orí? Má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ pa ọ́ lórí o, má jókòó síwájú onídìrí tá ò mọlé ẹ̀ o, tó o bá sì ṣe tán, irun tó bá já sílẹ̀, ṣà á, kó o mú un wálé, torí ayé ti bàjẹ́. Mo mọ ìyá kan n'Íbàdàn tó jẹ́ pé inú náílọ́ọ̀nù dúdú ló máa ń kó irun ọmọ ẹ̀ sí, á ta á ní kókó méjì, á wá há a sábíyá, tẹ́ ẹ bá pàdé ẹ̀ lọ́nà ẹ ó ní owó àjọ ló lọ gbà. Ọmọ tí wọ́n ń ṣọ́ irun ẹ̀ nígbà yẹn ti dàgbà, Queens ló ń gbé báyìí ní New York, ọ̀rẹ́ mi ni, ẹ jẹ́ ká máa pè é ní Sísí. Sísí ti gbé orí ẹ̀ fún Tony.

Ẹ mú sùúrù, Tony ń bọ̀. Àṣà tó gbòde yìí ni kí n kọ́kọ́ sọ. Head spa ni wọ́n ń pè é. Ẹ ti rí i lórí TikTok: èèyàn á nà gbalaja bí ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún, wọ́n á gbé irin róbótó kan kọ́ sókè orí ẹ̀, omi á máa dà wẹrẹwẹrẹ látara ẹ̀, ẹnì kan á wá máa fi ìka ra á ní agbárí, onítọ̀hún á dijú bí ẹni tó rí ìjọba ọ̀run. Àwọn ará Ṣáínà ti ń ṣe tiwọn jẹ́jẹ́ tipẹ́, wọn kì í fọ orí lásán kí wọ́n má rà á díẹ̀ sí i. Ìgbà tó dénú fóònù ni gbogbo ọmọ Yorùbá tó wà lókè òkun rántí pé stress ń dà wọ́n láàmú.

Ẹ sì wò ó o, lọ́dọ̀ tiwa, orí fífọ̀ kì í ṣe fààjì. Tí wọ́n bá ní kó o lọ fọ orí, mọlẹ́bí ti ṣèpàdé lé ọ lórí nìyẹn. Aláàfáà ló ń fọ̀ ọ́, tàbí wòlíì létí odò, tàbí babaláwo tòun tọṣẹ dúdú, o ò sì ní délé kó o gbé e sí status. Báyìí wọ́n ń fọrí, wọ́n tún ń fi orin sí i.

Bí Sísí ṣe sọ fún mi gan-an nìyí lórí WhatsApp: "mo fe lo fo ori mi ni Flushing." Flushing ni àdúgbò àwọn ará Ṣáínà ní Queens níbẹ̀. Kò sí àmì kankan lórí ọ̀rọ̀ tó kọ. Mo rò pé ó fẹ́ lọ fọ́ ọ mọ́ ògiri ni. Mo ní kí ló dé, ṣé Landlord tún ti dé ni?

Lọ́jọ́ Sátidé la bá wọ train nọ́ńbà 7 títí dé ìdí ẹ̀ pátápátá, Main Street. Tó o bá ti gòkè jáde níbẹ̀, ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù ìtajà, èdè Ṣáínà ni. Sálúùnù yẹn wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan, sálúùnù àdúgbò lásán, àwọn ìyá àgbà jókòó wọ́n ń jẹ èso, ọmọdé kan ń sunkún pé wọ́n fẹ́ gẹrun òun. Sísí wò yí ká, ó ń wá irin róbótó TikTok, róbà omi ló rí. Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri, Kevin, ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ wọn, ló kà á fún wa: xǐ, jiǎn, chuī. Fọ̀ ọ́, gé e, fẹ́ ẹ. Ó parí.

Tony ló máa fọrí, Kevin ló dúró tì í. Àwọn ará Ṣáínà fúnra wọn ń fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní gbogbo onígẹrun ló ń jẹ́ Tony, "Tony lǎoshī" ni wọ́n ń pè wọ́n, ìyẹn Tíṣà Tony. Tíṣà sì ni lóòótọ́, torí tó o bá ní kó gé e díẹ̀, iye tí òun mọ̀ sí díẹ̀ ló máa fi kọ́ ẹ.

Sísí wá bọ́ wíìgì. Hẹn. Irun abẹ́ ẹ̀ ti tú láti àná, ó ki, ó dúró. Tony wò ó, ó pe Kevin, Kevin pe màdámú tó ń gbowó, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró bí ẹni tí wọ́n já sí Bẹẹrẹ tí wọ́n ní kó wá ilé Bàbá Àlàbí, kó má sì béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìyarun méjì ló kán. Mo gbóríyìn fún Tony ṣá, kò sá.

Màdámú gbé wíìgì lọ́wọ́, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún, ó tẹ nǹkan sínú fóònù, fóònù fi òyìnbó sọ̀rọ̀ pé: "Irun yìí, orílẹ̀-èdè wa ló ti wá." Sísí ní rárá o, Brazilian ni. Màdámú rẹ́rìn-ín, ó ní Xuchang. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta irun ní Balógun, ẹ má bínú, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ ọ́n, Xuchang ní Henan, ní Ṣáínà, ni ọ̀pọ̀ wíìgì ayé yìí ti ń jáde, orúkọ ọjà lásán ni Brazil yẹn, irun náà ò gbọ́ Potogí rí láyé ẹ̀. Ọmọ tí ìyá ẹ̀ ń di irun ẹ̀ tó já sí náílọ́ọ̀nù kí ayé má rí i lò, irun ẹni tí ò mọ̀ ló dé sórí wá ṣàlejò.

Ìgbà tí orí dénú ọpọ́n tán, ìbéèrè bẹ̀rẹ̀. Mandarin, èdè Ṣáínà tí wọ́n ń sọ, ní ohùn mẹ́rin, tiwa mẹ́ta ni, Sísí tí ò fàmì sí mẹ́ta ló ń fẹ́ gbọ́ mẹ́rin. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló mọ̀, hǎo, ó dáa. Tony ní shuǐ tàng ma? Ṣé omi ò gbóná jù? Sísí ní hǎo. Mo rí i tẹ́sẹ̀ ẹ̀ gbọ̀n. Ó tún bi í nípa agbára ọwọ́, hǎo, Tony bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí ẹni ń po fùfú. Lẹ́yìn náà ló ní bàn kǎ? Hǎo! Àṣé káàdì ni, owó ìfọrí mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà, kíá ni màdámú ti gbà á. Ká tún wá fi tíìpù lé e.

Èmi ni mo ń ya fídíò o, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Èmi náà fọ tèmi. Ó dùn. Mo sùn, wọ́n ní mo hanrun.

Ìyá àgbà kan tó gbọ́ òyìnbó díẹ̀ sọ fún mi níbẹ̀ pé òun kì í gẹrun nínú oṣù kìíní ọdún wọn, torí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ìyá ẹni lọ́kùnrin á kú, ó dìgbà tó bá di ọjọ́ kejì oṣù kejì. Wọ́n ní ó pẹ́ tí èèwọ̀ yẹn ti wà, pé látìgbà tí ọba Manchu tó gba ilẹ̀ Ṣáínà ti pàṣẹ lọ́dún 1645 pé kí gbogbo ọkùnrin fá iwájú orí ni. Ìyá yìí ń dáàbò bo àwọn arákùnrin ìyá ẹ̀. Àwa tá a ní àwa la mọ Orí, àwa la nà gbalaja.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn, Mọ́mì pè láti Ìbàdàn, wọ́n ti rí status.

"Ta lọkùnrin tó ń fọ̀ ọ́ lórí yẹn?"

"Tony ni, Mọ́mì."

"Tony ọmọ ta ni?"

Sísí dákẹ́.

"Irun tó já ńkọ́, ṣó o kó o?"

Sísí wò mí, mo wo àjà. Àwa méjèèjì la rí Kevin tó fi ìgbálẹ̀ gbá a lọ. Sísí ní ẹ pẹ̀lẹ́ mà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa, ó pa fóònù. Ìfọrí mẹ́sàn-án ló ṣì kù lórí káàdì ẹ̀.