Lẹ́búlẹ́bú pupa tó wà lẹ́nu ṣáàfù alùpùpù yín kì í ṣe iyanrìn

"Má fi gíríìsì síbẹ̀ o, á máa kó iyanrìn jọ." Ẹni tó bá ti gun alùpùpù pẹ́ ti gbọ́ ọ lẹ́nu mẹkáníìkì rẹ̀. Ibi tí wọ́n ń wí ni ẹnu ṣáàfù, ọ̀pá irin tó yọ jáde lára ẹ́ńjìnnì, tí sípírókẹ́ẹ̀tì kékeré (irin róbótó eléyín tó ń fa ṣéènì) wọ̀ sí, tí eyín ṣáàfù àti eyín inú sípírókẹ́ẹ̀tì ti há mọ́ra. Wọ́n ní ká fi í sílẹ̀ ní gbígbẹ. Ẹ bi wọ́n pé kí ló dé, wọn á mú sípírókẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kan, wọn á fi lẹ́búlẹ́bú pupa inú rẹ̀ hàn yín: "Ẹ ò rí i? Iyanrìn rèé."

Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Ilẹ̀ wa pupa, eruku rẹ̀ pupa, ta ni yóò jiyàn? Ohun tó ṣí mi lójú ni pé kì í ṣe ìta tí eruku ti ń fẹ́ lù ú ni lẹ́búlẹ́bú yẹn ti ń pọ̀ jù. Àárín eyín sí eyín lọ́hùn-ún ni, níbi tí irin ti fara kan irin. Ṣáàfù tí gíríìsì ò kàn rí gan-an ló sì máa ń ní in jù.

Irin ni. Irin ṣáàfù àti ti sípírókẹ́ẹ̀tì ló ha ara wọn kúnná, tó sì dógùn-ún.

Ẹ wo irú ẹ́ńjìnnì Honda CG125, tí ọ̀pọ̀ alùpùpù Ṣáínà tó wà nígboro wa fara wé. Kì í ṣe nọ́ọ̀tì ńlá ló di sípírókẹ́ẹ̀tì mú níbẹ̀. Irin pẹlẹbẹ kan àti bóòtù kéékèèké méjì ni. Iṣẹ́ irin pẹlẹbẹ yẹn ni kí sípírókẹ́ẹ̀tì má bọ́. Kò ní kó má mì. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá yí ọwọ́ kí alùpùpù sáré, tí ẹ tún dá a padà, ṣéènì á gbọ̀n ọ́n síwá sẹ́yìn. Ojú ò lè rí i, ṣùgbọ́n àìmọye ìgbà ni lóòjọ́. Irin gbígbẹ á máa ha irin gbígbẹ, èyí tó bá kúnná á bá afẹ́fẹ́ pàdé, á sì pupa. Lẹ́búlẹ́bú yìí le, kò sì ríbi sá lọ, ló bá di sáńpépà láàárín eyín. Bó ti ń jẹ eyín ni àlàfo ń gbòòrò, bí àlàfo ti ń gbòòrò ni mímì ń pọ̀ sí i. Bí ṣéènì bá tún dẹ̀ jù, ńṣe ló dà bíi kí ẹ máa fi òòlù lù ú.

Ká má purọ́ mọ́ àwọn mẹkáníìkì wa, òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Gíríìsì tí wọ́n bá kùn sára ṣéènì níta ń kó iyanrìn lóòótọ́, iyanrìn yẹn sì ń jẹ ṣéènì. Wọ́n kàn gbé òfin ìta wọ inú ni. Nínú eyín, gíríìsì ló ń gba àárín irin méjèèjì, tó ń lé omi àti afẹ́fẹ́ sẹ́yìn. Èyí tó bá yọ síta ni kí ẹ nù kúrò.

Àwọn kan tún ní ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì á dé ibẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọ́ìlì síìlì, rọ́bà tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jò, ni wọ́n fi dí ẹnu ibẹ̀! Bí ẹ bá rí ọ́ìlì níbẹ̀, síìlì ti bàjẹ́ nìyẹn.

Gíríìsì tí wọ́n ń bù nínú agolo fún bíárìn dára ju òfo lọ, àmọ́ kì í pẹ́ tí eyín fi ń tì í jáde. Gíríìsì dúdú tó ní molybdenum, èròjà kan tó ń mú kí irin máa yọ̀ lórí irin, ló dáa jù, nítorí bí òróró inú rẹ̀ bá tilẹ̀ lọ, molybdenum á lẹ̀ mọ́ irin. Honda fúnra wọn ti ṣe irú rẹ̀ rí, tí wọ́n pè ní Moly 60, fún eyín ṣáàfù àwọn alùpùpù ńlá tí kò lo ṣéènì. Ẹ fi kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì fọ eyín méjèèjì títí pupa náà á fi tán, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ wá kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ìgbà tí ẹ bá ń pààrọ̀ ṣéènì náà ni kí ẹ ṣe é.

Eyín tó bá ti jẹ kọjá ààlà, gíríìsì ò lè dá a padà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń pe ajórin kó wá jó sípírókẹ́ẹ̀tì mọ́ ṣáàfù. Iná yẹn á jó síìlì, á ba líle irin ṣáàfù jẹ́, tí eyín ìta sípírókẹ́ẹ̀tì bá sì tún jẹ, ẹ̀rọ ìgérin ni wọn á fi yọ ọ́. Sípírókẹ́ẹ̀tì ò wọ́n, ṣùgbọ́n inú ẹ́ńjìnnì ni ṣáàfù yẹn ti jáde wá. Kí wọ́n tó pààrọ̀ rẹ̀, àfi kí wọ́n la ẹ́ńjìnnì sí méjì.