NULL kì í ṣe òdo, kì í sì í ṣe òfìfo

Àwa tí a ń kọ kóòdù ní Abẹ́òkúta níbí ní ohun kan tí a fi ń tan ara wa jẹ: pé tí wọn ò bá kọ nǹkan kan sí àyè kan nínú dátábéèsì, ìyẹn ibi tí kọ̀ǹpútà ń to àkọsílẹ̀ sí, ó ṣófo náà nìyẹn. NULL (àmì tí dátábéèsì ń fi sí àyè tí a ò kọ nǹkan kan sí), òdo, àlàfo, ìkan náà ni gbogbo wọn lójú wa. Èmi náà gbà á gbọ́ fún ọdún pípẹ́, mo tún fi kọ́ ọmọṣẹ́ méjì. Ìyá kan tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú ló là mí lójú.

Mo ń bá wọn kó ìwé gbèsè wọn sínú kọ̀ǹpútà. Níwájú orúkọ àwọn oníbàárà kan, iye owó ló wà. Níwájú àwọn kan, wọ́n kọ òdo. Àwọn tó kù, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo fi 0 dí gbogbo àlàfo, mo rò pé mo gbọ́n. Ìgbà tí Ìyá wo ojú kọ̀ǹpútà, wọ́n ní, “Ta ló sọ fún ẹ pé Ìyá Ìbejì ti san?”

“Ẹ ò kọ nǹkan kan síwájú orúkọ wọn ni, mà.”

“Mi ò tíì ṣírò aṣọ tí wọ́n kó ni mi ò fi kọ ọ́. Ẹni tó bá ti san, ṣebí mo kọ òdo fún un?”

Ẹ wò ó. Ẹni tí kò kọ kóòdù rí láyé rẹ̀ mọ̀ pé “kò jẹ mí” yàtọ̀ sí “mi ò tíì mọ̀.” NULL ni “mi ò tíì mọ̀.” Òdo, iye owó ni. Ọ̀rọ̀ tí kò ní lẹ́tà kankan nínú, ìyẹn '', ọ̀rọ̀ ni: bí ẹ bá kọ ọ́ sí àyè orúkọ àárín, ohun tí ẹ ń sọ ni pé ẹ bi onítọ̀hún, ó ní òun ò ní.

Àbùkù SQL, èdè tí a fi ń bá dátábéèsì sọ̀rọ̀, náà wà níbẹ̀ o. Edgar Codd tó gbé ọ̀nà títo dátábéèsì sínú téébù jáde ní 1970, nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní IBM, padà sọ nínú ìwé rẹ̀ ti 1990 pé ó yẹ kí àmì náà pé méjì: ọ̀kan fún ohun tó wà àmọ́ tí a ò mọ̀, ìkejì fún ohun tí kò kan onítọ̀hún rárá. Ẹyọ kan ṣoṣo ni SQL fún wa.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dìjà ni ìfiwéra. Àjèjì méjì dúró nísàlẹ̀ òkúta Olúmọ, ẹ ò mọ ọjọ́ orí ìkankan nínú wọn. Ṣé ẹgbẹ́ ni wọ́n? Ẹ ò lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ò sì lè sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí NULL = NULL ṣe rí nìyẹn. Ìdáhùn mẹ́ta ni SQL ní, bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ kọ́, àti a ò mọ̀, “bẹ́ẹ̀ ni” nìkan sì ni WHERE, ọ̀rọ̀ tí a fi ń yan ìlà tí a fẹ́, ń gbà wọlé. Ẹni tó bá kọ WHERE foonu = NULL ò ní rí ìlà kankan, kọ̀ǹpútà ò sì ní bá a wí. IS NULL ni kó kọ.

Ká ní oníbàárà 10 ló wà. Mẹ́rin kọ Aké sí àyè àdúgbò, mẹ́ta kọ Ìbarà tàbí Òwu, mẹ́ta tó kù jẹ́ NULL. Ẹ bèèrè àwọn ará Aké, ẹ máa rí 4. Ẹ wá bèèrè àwọn tí kì í ṣe ará Aké, kí ẹ kọ adugbo <> 'Aké', ẹ ó máa retí 6, 3 péré ló máa wá. Ènìyàn mẹ́ta ti sọnù láàárín ọjà, kò sì sẹ́ni tó pariwo.

Ti ìṣírò náà nìyí: gbèsè 2,000, 4,000, 0, NULL, NULL. AVG, tó ń ṣírò ìpíndọ́gba, kì í ka NULL mọ́ ọn: ó máa pín 6,000 sí mẹ́ta, ó máa fún yín ní 2,000. Tí ẹ bá ti fi òdo dí àlàfo bíi tèmi, 1,200 ló máa jáde.

Ibo la ti kó ìgbàgbọ́ yìí? Mo fura sí Excel, níbi tí A1+1 ti ń jẹ́ 1 bí A1 bá ṣófo. Oracle, ètò dátábéèsì kan, náà dá kún un, torí ó máa ń sọ '' di NULL. PostgreSQL, MySQL àti SQL Server, tí àwọn náà jẹ́ ètò dátábéèsì, kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

 

Nígbà tó yá, mo kọ àtẹ̀jíṣẹ́ ìkíni ọdún fún àwọn oníbàárà Ìyá. Mo fi || so orúkọ, orúkọ àárín àti orúkọ bàbá pọ̀ mọ́ “Ẹ kú ọdún” nínú PostgreSQL. Gbogbo ẹni tí orúkọ àárín rẹ̀ jẹ́ NULL, odidi àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ di NULL, títí kan “Ẹ kú ọdún” tí èmi fúnra mi kọ. COALESCE(oruko_aarin, ''), tó ń fi '' rọ́pò NULL, ló yanjú ìyẹn. Ti àwọn tó kàn tẹ àyè lásán (space) sínú fọ́ọ̀mù, NULLIF(TRIM(oruko_aarin), ''), tó ń gé àyè náà kúrò, tó sì ń sọ '' tó bá kù di NULL, ni mo fi ń gbá a kó tó wọlé.

Ní ti gbèsè, mo yọ gbogbo òdo tí mo fọwọ́ ara mi kó síbẹ̀. Ìyá Ìbejì ṣì wà ní NULL títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Ìyá ní tí ọjà bá tú, àwọn á ṣírò rẹ̀.