Ẹ bi akọ̀wé tó ń gba káàdì náà

Aláìsàn kan gba àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Nígbà tó máa fi di Ọjọ́bọ̀, èsì ti dé. Akọ̀wé fi í sínú fáìlì, ó gbé e sórí tábìlì dókítà. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó buwọ́ lù ú, ó gbà pé nọ́ọ̀sì ni yóò pe aláìsàn. Nọ́ọ̀sì rí ìbuwọ́lùwé, ó ní dókítà ti bá a sọ̀rọ̀ nìyẹn. Aláìsàn jókòó sílé, ó ń sọ lọ́kàn pé bó bá le ni, wọn ì bá ti pe òun. Oníkálukú ló ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Àárín wọn ni èsì náà ti jábọ́.

Àárín yìí ni ọ̀pọ̀ alábòójútó ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé kì í wọ̀n. Wọ́n mọ iye aláìsàn tí dókítà rí lóòjọ́, wọ́n mọ iye abẹ́rẹ́ tí nọ́ọ̀sì gún. Bí ẹ bá wá béèrè bóyá àwọn òṣìṣẹ́ ń ṣiṣẹ́ pọ̀, ọ̀gá á ní bí ọmọ ìyá làwọn rí. Ọ̀gá nìkan kọ́ ló yẹ ká bi.

Láti ọdún 1978 ni Ìkéde Alma-Ata, èyí tí àpérò àgbáyé lórí ìlera alábọ́ọ́dé gbé jáde, ti sọ pé kí dókítà, nọ́ọ̀sì, agbẹ̀bí àti òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò gba ẹ̀kọ́ tí wọn yóò fi lè ṣiṣẹ́ bí ikọ̀ kan. Ohun tí a lè fi wọ̀n ọ́n náà kò wọ́n. Team Climate Inventory, ìwé ìbéèrè kan tí àwọn olùwádìí Neil Anderson àti Michael West gbé kalẹ̀ láwọn ọdún 1990, ń bi òṣìṣẹ́ bóyá ohun tí ikọ̀ ń lé yé e, bóyá ọkàn rẹ̀ balẹ̀ láti sọ̀rọ̀, bóyá wọ́n ń yẹ iṣẹ́ ara wọn wò, bóyá ẹni tó mú àbá tuntun wá ń rí alátìlẹ́yìn.

Tiwa ni pé kí àwọn ilé ìwòsàn máa ṣe irú ìwọ̀n yìí lọ́dọọdún, kí wọ́n sì bi gbogbo èèyàn, títí kan akọ̀wé tó ń gba káàdì. Òun ló ń gbọ́ ohun tí aláìsàn ń sọ lẹ́yìn tó bá kúrò lọ́dọ̀ dókítà. Níbi tí òṣìṣẹ́ kò ju mẹ́rin lọ, àìkọ orúkọ síwèé kò bo ẹnikẹ́ni láṣìírí; kí ará ìta bá wọn gba ìdáhùn jọ. Bí dókítà bá sì fún àjọṣe wọn ní 5 nínú 5, tí akọ̀wé fún un ní 2, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rò wọ́n pọ̀ kẹ́ ẹ wá pín in sí méjì, kó di 3.5. Àlàfo yẹn gan-an lèsì.

Ohun tí a kò fara mọ́ ni kí wọ́n so máàkì yìí mọ́ owó oṣù. Nínú ìwádìí tí olùwádìí kan, Amy Edmondson, tẹ̀ jáde lọ́dún 1996 lórí àṣìṣe oògùn nílé ìwòsàn, àwọn ikọ̀ tó ní olórí rere ni àkọsílẹ̀ àṣìṣe wọn pọ̀ jù. Wọn kì í fi í pa mọ́ ni. Ẹ fi owó dẹ́rù bà wọ́n wò, kẹ́ ẹ wo bí àṣìṣe yóò ṣe pòórá lórí ìwé.

Ibi tí kò bá sí owó ìwé ìbéèrè, kí wọ́n mú èsì àyẹ̀wò mẹ́wàá tó dé lóṣù tó kọjá, kí wọ́n tọ ipa ọ̀kọ̀ọ̀kan láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí dé etí aláìsàn. Ọ̀sán kan ti tó o.