Ilé-ìwé ló ń yan ọmọ

Àbúrò mi tó wà ní Texas pè mí lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, inú ẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. Òfin kan tí gómìnà wọn fọwọ́ sí ní 2025 ló ń ròyìn fún mi: bílíọ̀nù 1 dọ́là ni wọ́n yà sọ́tọ̀, kí òbí tó bá fẹ́ gbé ọmọ lọ sí ilé-ìwé aládàáni lè rí nǹkan bíi 10,000 dọ́là gbà lọ́dún. Voucher ni wọ́n ń pe irú ètò bẹ́ẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kò yẹ kí Nàìjíríà náà ṣe é báyìí?"

N kò tètè dáhùn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ san owó ilé-ìwé àwọn ọmọ mi méjèèjì ni, gbogbo àdìrẹ tí mo tà ní Ìtòkú fún oṣù méjì ló bá a lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá na irú owó yẹn sí mi, ọwọ́ méjèèjì ni màá fi gbà á. Kí n má parọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ti ọmọ kan tí ìyá rẹ̀ ń bá mi rẹ aṣọ láró. Ilé-ìwé ìjọba ló ń lọ. Láràárọ̀ ló ń ru àga oníke lọ, tó bá di ọ̀sán a tún rù ú bọ̀, torí àga tó bá sùn síbẹ̀ ti lọ nìyẹn. Bí òjò bá ti ṣú, praímárì 4 á kó ìwé wọn, wọ́n á lọ há mọ́ praímárì 5, torí òrùlé kíláàsì tiwọn ń jò. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni, kò tíì lè kàwé já geere. Ilé-ìwé aládàáni wo ló máa dán irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wò tí á gbà á? Wọ́n ní òbí ló ń yan ilé-ìwé. Irọ́ ni jàre.

1955 ni Milton Friedman, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ará Amẹ́ríkà, kọ ọ̀rọ̀ voucher yìí síta. Lọ́dún yẹn kan náà, ní oṣù kìíní, ni ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilẹ̀ wa níbí. Bàbá wa wà lára àwọn ọmọ tó jàǹfààní rẹ̀. Wọ́n ní kó gbé ọwọ́ ọ̀tún rékọjá orí, ó kan etí òsì, ó wọlé nìyẹn. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè ohun tó mọ̀.

Owó náà kò ṣàìsí. Òfin UBE, ìyẹn òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, ti 2004 ní kí ìjọba àpapọ̀ máa yọ ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún nínú àpò rẹ̀, kí ìpínlẹ̀ mú tiwọn wá kí wọ́n tó gbà á. Ẹ̀ẹ̀melòó la ti gbọ́ pé owó àwọn ìpínlẹ̀ kan wà nílẹ̀ tí wọn ò lọ gbé? Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fi ìyẹn kan òrùlé ná.

Mo wá bi àbúrò mi pé ṣé ó ti forúkọ ọmọ tiẹ̀ sílẹ̀ fún voucher. Ó ní rárá o, ilé-ìwé ìjọba àdúgbò wọn dáa, ọ̀fẹ́ ni, bọ́ọ̀sì ló ń wá gbé e lẹ́nu ọ̀nà.