Ta ló ní ọ̀rọ̀ òkun kò kan Ìjẹ̀bú?

Wọ́n tún ti sọ ọ́ níbi ìpàdé òbí àti olùkọ́ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde: “Ẹ̀kọ́ nípa òkun kẹ̀? Ẹ gbé e lọ bá àwọn ará Èkó. Òkun jìnnà sí wa.” Ọ̀rọ̀ yìí ti sú wa. Ohun tó sì máa ń tẹ̀ lé e ni pé ọ̀rá omi tí òjò bá ti gbé lọ, ó ti lọ nìyẹn. Ó lọ síbo? Ọ̀nà tí omi gbà náà ló gbà, òkun sì ni òpin ọ̀nà ọ̀hún.

Ẹ wo odò Ọ̀ṣun. Ó la ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kọjá, ó sì ṣàn wọ ọ̀sà Lẹ́kí, ọ̀sà tí Ìwòpín wà létí rẹ̀. Ọ̀sà Lẹ́kí so mọ́ ti Ẹ̀pẹ́, ti Ẹ̀pẹ́ so mọ́ ti Èkó, ẹnu ọ̀sà Èkó ló sì ṣí sí òkun. Omi Rẹ́mọ náà, gúúsù ló ń ṣàn lọ, ọ̀sà ló ń wá. Ní 1892, orí ọ̀sà yìí ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà láti Èkó dé Ẹ̀pẹ́, kí wọ́n tó fẹsẹ̀ rìn dé Ìmàgbọ́n, níbi tí wọ́n ti bá Ìjẹ̀bú jagun. Omi tó gbé ọkọ̀ ogun wá kò ní ṣàìgbé ọ̀rá lọ.

Ẹ̀rí tó lágbára jù lọ wà nínú korobá méjì, ọmọ ọdún mẹ́wàá lè ṣe é. Ẹ bu lítà 10 omi sí ìkọ̀ọ̀kan. Ẹ da gíráàmù 350 iyọ̀ sínú ọ̀kan, kí ẹ rò ó títí yóò fi yọ́. Bí omi òkun ṣe níyọ̀ tó nìyẹn. Ẹ gé ọ̀rá omi sí wẹ́wẹ́ bí èékánná, ẹ gé ara ike mínírà náà bẹ́ẹ̀, kí ẹ mú ọmọrí ike mọ́ ọn. Ẹ rì wọ́n mọ́lẹ̀, kí ẹ sì fi ọwọ́ nù wọ́n nínú omi. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ ti ń ṣì í: afẹ́fẹ́ tó bá lẹ̀ mọ́ ike máa ń gbé e sókè, àwọn ọmọ á sì gba irọ́ gbọ́. Bí ẹ bá ṣe é dáadáa, ọ̀rá àti ọmọrí á léfòó nínú korobá méjèèjì, ara ike á rì nínú méjèèjì. Ọ̀rá tó bá ti bọ́ sódò, kò sí iyọ̀ tàbí àìsíyọ̀ tó máa rì í. Omi á máa tì í lọ ni. Ike mínírà tí a dé pa, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ló ń gbé e lọ. Èyí tí kò ní ọmọrí á gba omi sínú, á rì sísàlẹ̀ ọ̀sà, àwọ̀n apẹja á sì wá kó o. Ẹ má sì sọ pé yóò jẹrà. Oòrùn kàn ń rún un ni, títí yóò fi di wóró tí kò tó mìlímítà 5, tí ẹja ń gbé mì.

Àwọn tó ní òkun ti tóbi jù kí ọ̀rá lè ṣe é ní nǹkan, a ò ní fàkókò ṣòfò lé wọn lórí. Òótọ́ ni pé kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń dé òkun. Òmíràn há sí àbàtà, òmíràn há sábẹ́ koríko tó bo ojú ọ̀sà. Àmọ́ apẹja Ìwòpín ló ń jẹ ìyà ìyẹn, ọmọ Ìjẹ̀bú lòun náà.

Ilé ìwé tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ gidi, ẹnu gọ́tà ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Kí wẹ́dà jó ọ̀pá irin pọ̀ di asẹ́ tí yóò máa dá ìdọ̀tí dúró, kí àlàfo ìka méjì wà láàárín ọ̀pá kan sí èkejì. Ẹ dá a dagun, kí orí rẹ̀ tẹ̀ síbi tí omi ń lọ, kí ìdọ̀tí lè máa gùn ún sókè. Kó má ga ju ìdá méjì nínú mẹ́ta gọ́tà lọ. Bí ẹ bá dí gọ́tà dókè, òjò ńlá àkọ́kọ́ ni omi yóò wọ ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ìyá ọlọ́jà á fà á tu, wọn ò sì jẹ̀bi. Ewé àti yanrìn ló ń kọ́kọ́ dí i, nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ kó o lẹ́yìn òjò kọ̀ọ̀kan. Ẹ ti gbé e síbẹ̀ kí òjò oṣù kẹta tó dé.

Asán sì ni gbogbo rẹ̀ bí a bá ń ṣe ohun tí a máa ń ṣe lọ́jọ́ ìmọ́tótó: ká kó ẹrẹ̀ jáde, ká kó o jọ sétí gọ́tà kan náà, ká kọrí sílé. Òjò kan ṣoṣo á dá a padà. Inú àpò ìrẹsì ni kí ẹ kó o sí. Ẹ lu ìdí àpò náà kí omi lè ro jáde, ẹ dì í lẹ́nu, kí ọkọ̀ tó máa gbé e sì ti wà nílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ki ṣọ́bìrì bọ gọ́tà.